Ta Ni Yóò Dá Ẹjọ́ Ìsọ̀ Ọtí?

Ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì ọtí ni mo fẹ́ bá yín sọ, nítorí pé ó máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín aládùúgbò tí kò jà rí.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wò ó pé obìnrin kan ní Ìdànrè níbí kọ̀wé sí káńsù pé òun fẹ́ ṣí ìsọ̀ bíà àti ọtí líle. Opó ni. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, kòkó tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ sì ti gbó. Ó ní àwọn àlejò tí ń wá gun Òkè Ìdànrè, tí orúkọ rẹ̀ ti wà lára ibi tí Nàìjíríà fi síwájú àjọ UNESCO láti ọdún 2007, kò rí ibi jókòó mu nǹkan tútù. Ṣùgbọ́n ìsọ̀ náà kò jìnnà sí ilé ẹ̀kọ́, ó sì wà lẹ́bàá ibi tí àwọn awakọ̀ Àkúrẹ́ ti ń gbé èrò. Àwọn olùkọ́ kọ̀ jálẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé ní bí owó kòkó bá ti wọlé, ibẹ̀ ni yóò máa parí sí. Ta ni kí a dá láre?

Ìwé Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi fífúnni ní láísẹ́ǹsì ọtí àti àkóso títà rẹ̀ sí ara iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Abala 36 nínú ìwé kan náà sì fẹ́ kí ẹni tí ìpinnu aláṣẹ lè kan ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní àyè láti sọ tẹnu rẹ̀ kí a tó ṣe ìpinnu. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun kan: bí káńsù bá ń gba owó láísẹ́ǹsì, tí ó sì tún ń dá ẹjọ́ rẹ̀, owó náà lè di ojú adájọ́.

Ewu yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1909, jíìnì òkèèrè ń wọ Gúúsù Nàìjíríà lọ́pọ̀lọpọ̀, owó ibodè tí a ń san lórí rẹ̀ sì wà lára ohun tí ó ń mú owó wọlé fún ìjọba àmúnisìn jù lọ. Bíṣọ́ọ̀bù Herbert Tugwell ké gbàjarè pé ọtí náà ń ba ará ìlú jẹ́. Àwọn oníṣòwò ní irọ́ ni. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yan ìgbìmọ̀ ìwádìí, Sir Mackenzie Chalmers sì ni alága rẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà gbọ́ ẹ̀rí tọ̀tún tòsì, ó sì sọ pé kò sí ẹ̀rí pé jíìnì ti ba àwọn ènìyàn jẹ́. Ṣùgbọ́n báwo ni ìdájọ́ náà yóò ṣe tẹ́ àwọn tí ó ké lọ́rùn, nígbà tí ó jẹ́ pé ìjọba tí ó yan adájọ́ ni ó ń jẹ èrè jíìnì?

Ní ọdún 1919, àwọn ìjọba ńlá kan ṣe àdéhùn ní Saint-Germain, nítòsí Paris, láti dá kíkó irú ọtí bẹ́ẹ̀ wọ Áfíríkà dúró. Ǹjẹ́ mímu ọtí líle tán nílẹ̀ yìí? Rárá o. Nígbà tí yóò fi di àwọn ọdún 1930, àwọn ènìyàn ti ń fi ẹmu pọn ògógóró nínú igbó, ọlọ́pàá sì ń lé wọn kiri. Àṣẹ tí a fọwọ́ sí nítorí owó kì í ní iyì lójú ará ìlú. Èèwọ̀ tí a kàn gbé kalẹ̀ láìbá ará ìlú sọ̀rọ̀ sì máa ń lé ọtí lọ sí kọ̀rọ̀ ni.

Kí ni ó wá yẹ kí káńsù ṣe? Kí ó kéde ìwé opó náà ní gbangba. Kí àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ lọ fi ojú ara wọn wo ibẹ̀, kí wọ́n sì fi ẹsẹ̀ wọn wọn bí ó ti jìnnà sí ilé ẹ̀kọ́ tó. Kí ọmọ ìgbìmọ̀ tí òun tàbí ìbátan rẹ̀ ń ta ọtí yẹra fún ìjókòó náà. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, kí wọ́n sọ wákàtí tí yóò máa ṣí àti èyí tí yóò máa tì, kí wọ́n sì kìlọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ tà fún ọmọdé tàbí awakọ̀ tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí ọdún bá yí po, kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Bí wọ́n bá kọ̀, kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kí opó náà lè mọ̀ bóyá ibòmíràn ní ìlú yóò yọ̀ǹda.

Ẹ̀yin tí ẹ kò fẹ́ ẹ, ẹ wá sọ ohun tí ẹ rí, ẹ má ṣe ba orúkọ obìnrin náà jẹ́. Ìwọ tí o sì ń tọrọ, mú àwọn aládùúgbò rẹ wá. Má ṣe gba ẹ̀yìn ilé lọ rí aláṣẹ. Àwọn àgbà wa ní agbọ́ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Bí a bá gbọ́ tẹnu opó, tí a sì gbọ́ tẹnu olùkọ́, ẹni tí ẹjọ́ náà kò bá tilẹ̀ ṣe tirẹ̀ yóò mọ̀ pé a kò fi owó rà á. Àwọn méjèèjì yóò sì lè máa kí ara wọn ní ọjà lọ́jọ́ kejì.