Òṣùwọ̀n Kan Kò Yẹ Gbogbo Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù



Ní Amẹ́ríkà, àjọ NCUA ni ó ń bojú tó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ní 2017 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan: bí èlé bá fi 3 nínú 100 fò sókè, kí ni yóò kù fún ẹgbẹ́ tí ó ti fi èlé kékeré yá owó ọlọ́jọ́ pípẹ́? Ó dára, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n kan náà ni wọ́n fi wọn owó ìpamọ́ àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n dán wò. Ọmọ ìka kò dọ́gba. Nígbà tí èlé ga ní 2022, wọ́n tún ìlànà náà ṣe.

Àwa náà, kí a tó yáni lówó ọdún gígùn, ẹ jẹ́ kí a bèèrè: owó ta ni, ìgbà wo ni yóò gbà á? Owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ wa wà níbẹ̀.