Oògùn Láti Ojú Ọ̀run fún Àwọn Ìletò Agbègbè Ayétòrò

Ẹ̀yin baálẹ̀, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin agbẹ̀bí agbègbè Ayétòrò,

Gbogbo ẹni tí ó ti gbé ìletò rí ni ó mọ̀ pé àìsàn kì í dúró de ọkọ̀. Ejò lè bu àgbẹ̀ ṣán lóko ní ìrọ̀lẹ́; aboyún lè bímọ ní ọ̀gànjọ́ òru, kí ẹ̀jẹ̀ sì kọ̀ kó má dá. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, oògùn lè wà ní ìlú, ṣùgbọ́n bí kò bá tètè dé, bí ẹni pé kò sí náà ni. Bí òjò bá sì ti sọ ọ̀nà oko di ẹrẹ̀, alùpùpù pàápàá a máa rì.

Nítorí ìṣòro yìí ni àwọn ìjọba kan ní Áfíríkà fi fi àyè gba ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan tí kò ní awakọ̀ nínú, èyí tí wọ́n ń pè ní dróònù. Rùwáńdà ni ó ṣíwájú, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Zipline bẹ̀rẹ̀ sí fi í gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí àwọn ilé ìwòsàn ibẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2016. Gánà tẹ̀lé e ní 2019. Ní Nàìjíríà, Ìpínlẹ̀ Kàdúná bẹ̀rẹ̀ ní 2022. Lẹ́yìn náà ni Cross River àti Bayelsa.

Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti yé ènìyàn. Nọ́ọ̀sì tí ó wà ní ìletò yóò ránṣẹ́ lórí tẹlifóònù. Ní ibùdó tí wọ́n kó oògùn jọ sí, wọn yóò di ohun tí ó béèrè sínú páálí, wọn yóò sì fi ẹ̀rọ ta ọkọ̀ náà sókè, bí ìgbà tí ọmọdé bá fi kànnàkànnà ta òkò. Bátìrì ni ó ń lò. Bí ó bá dé òkè ilé ìwòsàn, kò ní balẹ̀. Yóò ju páálí náà sílẹ̀ pẹ̀lú ohun kan bí agboòrùn tí yóò mú un rọra bọ́ sí àgbàlá, yóò sì padà síbi tí ó ti wá. Irú èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2018 lè gbé ẹrù tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 2 dé ibi tí ó jìnnà tó kìlómítà 80. Láti Abẹ́òkúta sí Ayétòrò kò tó kìlómítà 40 bí ẹyẹ ti ń fò. Ìmẹ̀kọ tí ó wà lẹ́bàá ààlà pàápàá kò jìnnà ju kìlómítà 80 náà lọ.

Ǹjẹ́ owó rẹ̀ kò ní pọ̀ jù fún tálákà? Ìbéèrè gidi ni. Bí ọ̀nà bá dán, alùpùpù dínwó ju dróònù lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n tọ́jú sínú òtútù kì í pẹ́ púpọ̀ ju ọ̀sẹ̀ 6 lọ kí ó tó bàjẹ́. Bí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan bá ń tọ́jú tirẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, púpọ̀ ni yóò ṣòfò. Bí ó bá jẹ́ ojú kan ni wọ́n kó o jọ sí, ìwọ̀n tí wọ́n nílò nìkan ni yóò jáde. Ìwádìí tí ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet Global Health tẹ̀ jáde ní 2022 fi hàn pé ní Rùwáńdà, ẹ̀jẹ̀ tí ń bàjẹ́ láìlò dín kù ní ìdá 67 nínú 100, lẹ́yìn oṣù 12 tí dróònù ti ń dé àwọn ilé ìwòsàn náà.

Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ẹrù ni ó yẹ kí ó fò. Oògùn ibà àti báńdéèjì, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé wọn yóò lò lóṣooṣù, kí wọ́n gba orí ilẹ̀. Ẹ̀jẹ̀, oògùn oró ejò àti abẹ́rẹ́ tí ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lẹ́yìn ìbímọ, ìwọ̀nyí ni ó yẹ ojú ọ̀run. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé dróònù ni yóò ṣe gbogbo rẹ̀. Kò lè fa ẹ̀jẹ̀ sí ara aláìsàn. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà ni yóò kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ náà bá ti aláìsàn mu. Kò sì gbọdọ̀ fò láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ọkọ̀ òfuurufú àti ti ààbò ìlú, pàápàá ní ilẹ̀ Yewa, níbi tí ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fohùn ṣọ̀kan lé lórí ní 1889 wà nítòsí.

Paríparí rẹ̀, dróònù kò lè gbé ohun tí kò sí. Kò sí ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ara ènìyàn ni ó ti ń wá. Kí àwọn baálẹ̀ bá ìjọba ìbílẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ náà, kí wọ́n sì béèrè ohun tí yóò ná wọn. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé, ẹni tí ara rẹ̀ le lè lọ sí ilé ìwòsàn lónìí, kí ó fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ. Ìyá ọmọ kan lè tipa bẹ́ẹ̀ padà sílé.