Gèéjì Epo Inú Ìjàpá: Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún



Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìtọ́jú ọkọ̀ àtijọ́. Gèéjì epo nìkan ni n óò mú, nítorí ó ti kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ìjàpá ni ọkọ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi. Jámánì ni a ti ṣe é ní 1973. Ní òru ọjọ́ kan, mo ń gbé ìyá mi tí àìsàn ti gbé dè lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìbàdàn. Gèéjì fi hàn pé epo wà dé ìdajì táńkì, ṣùgbọ́n bí a ti kọjá Ìkirè ni ọkọ̀ kú. Epo ti tán pátápátá. Bí kò bá jẹ́ ti awakọ̀ kan tí ó bu epo fún wa, ọ̀rọ̀ ì bá bẹ́yìn yọ.

Mẹkáníìkì ní kí n ra gèéjì tuntun. Mo ní kí á kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò ná. Nínú Ìjàpá Jámánì, láti ti ọdún 1968, iná mànàmáná ni ó ń darí gèéjì. Fùlótà ń léfòó lórí epo nínú táńkì. Bí epo bá ti pọ̀ tó ni fùlótà ń jẹ́ kí iná kọjá tó, ọwọ́ gèéjì a sì gòkè.

Ẹ ṣí búùtù iwájú, kí òórùn epo fẹ́ lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe mu sìgá nítòsí. Kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ yọ wáyà kúrò lórí fùlótà, kí ẹ so wáyà gígùn mìíràn mọ́ ọn. Nígbà náà ni kí ẹ yí kọ́kọ́rọ́, láìjẹ́ kí ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́. Ọwọ́ gèéjì gbọ́dọ̀ wálẹ̀ pátápátá. Ẹ wá fi orí wáyà gígùn náà kan irin ara ọkọ̀, níbi tí ó jìnnà sí táńkì, fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí ọwọ́ gèéjì bá gòkè tán, gèéjì àti wáyà kò ní àrùn. Fùlótà ni kí ẹ mú. Bí kò bá mira, ẹ yẹ fíúùsì, wáyà, àti gèéjì fúnra rẹ̀ wò.

Tèmi gòkè. Fùlótà ni ó há sí ìdajì. Gèéjì tí à bá sọ nù kò purọ́. Iṣẹ́ tí a rán an ni ó jẹ́.

Ẹ̀yin awakọ̀ wa, ẹ máa ka iye máìlì tí ẹ ti rìn láti ìgbà tí ẹ ra epo, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé gèéjì nìkan. Bákan náà, nínú ilé àti nínú ẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ kí á máa wádìí kí á tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ìyá mi wà láàyè. Ó jókòó láàárín yín lónìí.