Ẹ Jẹ́ Kí Màmá Náà Ṣoore

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fún mi sọ ni àǹfààní tí oore ṣíṣe ń ṣe fún ara ẹni. Ẹ lè máa retí pé n ó ní kí ẹ túbọ̀ máa fún àwọn aláìní ní nǹkan. Ẹ ń ṣe ìyẹn, Ọlọ́run yóò san án fún yín. Ibòmíràn ni mo fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ gbà lónìí.

Lẹ́yìn tí bàbá mi kú, a mú màmá mi wá sọ́dọ̀ wa láti abúlé. Bí Màmá bá mú ìgbálẹ̀, a ó gbà á lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá ní kí àwọn bá wa ṣa ẹ̀wà, a ó ní, "Màmá, ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó." Oore la rò pé a ń ṣe. Kò ju oṣù mẹ́rin lọ tí ojú wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í fà ro. Oúnjẹ kò wù wọ́n, wọn kò rí oorun sùn. Mo gbé wọn lọ sí ọsibítù, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Oògùn mú un wálẹ̀, ṣùgbọ́n Màmá kò túra ká.

Obìnrin kan wà ládùúgbò wa tó ń dín àkàrà tà láàárọ̀, kò sì ní ẹni tí yóò bá a mójú tó ọmọ ọwọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Màmá kàn gbé ọmọ náà pọ̀n. Inú mi kò dùn, mo fẹ́ lọ gba ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀. Ìyàwó mi ló ní kí n fi wọ́n sílẹ̀. Kí oṣù méjì tó pé, Màmá ti ń kọrin láàárọ̀, wọ́n sì ń béèrè ohun tí a fẹ́ jẹ. Wọ́n ṣì ń lo oògùn wọn títí dòní o! Kí ẹnikẹ́ni má lọ da oògùn rẹ̀ nù nítorí ọ̀rọ̀ mi.

Lẹ́yìn náà ni mo ka ìwádìí kan tí Stephanie Brown àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2003. Tọkọtaya àgbàlagbà 423 ní agbègbè Detroit ni wọ́n tọpasẹ̀ fún ọdún 5. Wọ́n bi wọ́n léèrè ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n ń ṣe fún ọ̀rẹ́, ẹbí àti aládùúgbò, irú bí iṣẹ́ ilé àti ìtọ́jú ọmọ. Iye tó kú nínú àwọn tó ń ranni lọ́wọ́ kéré sí ti àwọn tí kì í ṣe é. Ẹ lè ní ara wọn ló le tẹ́lẹ̀. Wọ́n ṣírò ìlera wọn mọ́ ọn, bákan náà ló rí. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni pé gbígba ìrànlọ́wọ́ nìkan kò fi kún ẹ̀mí wọn.

Ẹ rántí opó Sarefati nínú 1 Àwọn Ọba 17. Ìyẹ̀fun ẹ̀kúnwọ́ kan ló kù nílé rẹ̀. Òun ló yẹ kí a fún, àbí? Síbẹ̀ Èlíjà ní kó fún òun ní oúnjẹ. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti fi ìtàn yìí gba kọ́bọ̀ ìkẹyìn lọ́wọ́ opó. Ìyẹn kọ́ ni mò ń wí. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé wòlíì náà kò wo obìnrin yìí bí ẹni tí kò ní ohunkóhun lọ́wọ́.

Ẹ wo fọ́ọ̀mù tí a fi ń pín ìrẹsì fún àwọn opó wa ní oṣù Kejìlá: orúkọ, àdírẹ́sì, iye ọmọ. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí, fọ́ọ̀mù kì í ṣe àjèjì sí mi. Kò síbi tí a ti bi wọ́n pé, "Kí ni ẹ mọ̀ ọ́n ṣe?" Nínú wọn la ti rí olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, a rí aránṣọ, a rí ẹni tó mọ ọmọ wẹ̀. Ọdún wo la pè wọ́n?

Ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, ìlà tuntun kan yóò wà lórí fọ́ọ̀mù náà. Ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ kọ ohun tí wọ́n bá fẹnu ara wọn sọ. Ẹni tó bá ní òun kò lè ṣe nǹkan kan, ẹ má fi ipá mú un. Ìrẹsì rẹ̀ ń bọ̀ síbẹ̀.