Ìrànlọ́wọ́ Òkè Òkun: Ta Ni Yóò San Án?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa ní Ìwéré-Ilé)

Ní ìpàdé tó kọjá, awakọ̀ kan béèrè pé: "Wọ́n ní Amẹ́ríkà ti ti USAID pa, ilé iṣẹ́ tó ń bá a pín ìrànlọ́wọ́ káàkiri ayé. Èwo ló kan àwa ará Ìwéré-Ilé níbẹ̀?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, alága sì ní kí a wá dáhùn.

Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, ìjọba ṣe ètò ìdàgbàsókè ọdún 1962 sí 1968. Nǹkan bí ìdajì owó rẹ̀ ni wọ́n fojú sọ́nà fún láti òkè òkun. Èyí tó wọlé kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé, àwọn olùrànlọ́wọ́ ní a ti lówó, ọ̀pọ̀ wọn sì dẹwọ́. Ìjọba wá bẹ̀rẹ̀ sí í yáwó: ní ọdún 1978, ó yá bílíọ̀nù kan dọ́là lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ kí a bọ̀ sílé. Àwọn àgbà inú wa kò gbàgbé ètò àgbẹ̀ tó fi Ṣakí ṣe ibùjókòó ní àwọn ọdún 1980. Ó la ọ̀nà oko, ó pín ajílẹ̀ àti irúgbìn. Ọ̀pọ̀ wa rò pé ẹ̀bùn òyìnbó ni. Owó yíyá ni, Báńkì Àgbáyé ló yá ìjọba. A kò sọ pé kò wúlò o. Awakọ̀ ló mọ ohun tí ọ̀nà oko ń ṣe fún táyà. Ṣùgbọ́n bí òjò bá wọ́ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lọ, gbèsè rẹ̀ kì í bá òjò lọ.

Ní ọdún 1985, ìjọba bi ará ìlú bóyá kí a gba owó IMF. Ará ìlú ní rárá, ìjọba sì ní òun gbọ́. Ní ọdún 1986, irú òfin tí IMF ń béèrè wọlé pẹ̀lú SAP: náírà já wálẹ̀, ohun èlò ilé iṣẹ́ wọ́n, wọ́n sì ń dá òṣìṣẹ́ dúró. A kọ owó, ṣùgbọ́n a jẹ ìyà rẹ̀.

Gbèsè ń gorí gbèsè títí di ọdún 2005, tí àwọn ìjọba tí a jẹ ní gbèsè fi bílíọ̀nù 18 dọ́là jì wá. Kí wọ́n tó jì wá, a san bílíọ̀nù 12. Lẹ́yìn náà ni Ṣáínà dé. Owó báńkì wọn wà nínú reluwé Èkó sí Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2021, ilé iṣẹ́ wọn náà ló sì kọ́ ọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti wọ̀ ọ́, ẹ gbádùn rẹ̀. Ẹ rántí pé owó tíkẹ́ẹ̀tì nìkan kọ́ ni ẹ ń san.

Ẹ̀bùn gan-an tó kù jẹ́ ti ìlera jù, ìyẹn ni ìdáhùn sí awakọ̀ wa. Oṣù Keje ọdún 2025 ni wọ́n ti USAID pa. Bìrìtìkó náà ní òun yóò dín tirẹ̀ kù: nínú 100 pọ́n-ùn tí orílẹ̀-èdè wọn ń pa, 50 pẹ́nsì yóò di 30 ní ọdún 2027. Owó Amẹ́ríkà ló ra púpọ̀ nínú oògùn HIV tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ ní Nàìjíríà. Ẹni tó ń lò ó kò gbọ́dọ̀ dá a dúró, àrùn náà kò sì mọ awakọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀gá. Àwọn aṣòfin wa fi 200 mílíọ̀nù dọ́là kún owó ìlera ọdún 2025. Wọ́n ṣeun. Àmọ́ owó inú ìwé yàtọ̀ sí oògùn inú àpótí.

Nítorí náà, ẹ̀ka wa yóò kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀ Ìwàjówà ní Ìwéré-Ilé níbí, kí wọ́n sọ oògùn tó wà nílẹ̀ fún wa àti ìgbà tí òmíràn ń bọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá dé ilé ìwòsàn tí kò rí tirẹ̀ gbà, kó wá bá akọ̀wé ní ìdákọ́ńkọ́. A kò ní bi í ní irú oògùn tí ó jẹ́.