Ìrìn-àjò wa sí Agadez
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àpéjọ gbogbogbò ìjọ wa ní Bantama, Kumasi)



Ọ̀pọ̀ nínú yín ti gbọ́ pé ní ọdún 2018 a rìn dé Agadez ní ilẹ̀ Niger, ẹ sì ti ń béèrè pé kí ni alùfáà wá lọ sí aṣálẹ̀. Ìyá kan nínú ìjọ wa ni ó rán wa. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin fi iṣẹ́ télọ̀ sílẹ̀ ní Bantama níhìn-ín, ó ní Líbíà ni òun ń lọ, kí òun lè ti ibẹ̀ kọjá òkun sí Ítálì. Agadez ni ó ti bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ kẹ́yìn lórí tẹlifóònù. Oṣù mẹ́rin kọjá, a kò gbúròó rẹ̀ mọ́.

A gba Tamale àti Paga kọjá sí Ouagadougou, a dé Niamey, láti ibẹ̀ ni a sì ti wọ ọkọ̀ rin nǹkan bí 900 kìlómítà kí a tó rí Agadez. Bí a ti ń lọ ni igi ń kúrú sí i, títí ó fi ku ẹ̀gún àti òkúta. Eruku wọ inú oúnjẹ wa, ó sì wọ inú Bíbélì wa, ibẹ̀ ni ó wà títí di òní.

Ìlú àtijọ́ ni Agadez, ìlú ọba àwọn Tuareg ti ilẹ̀ Aïr. Amọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ilé wọn. Ilé gogoro mọ́ṣáláṣí ńlá wọn ga ní mítà 27, amọ̀ ni láti òkè dé ilẹ̀, àwọn igi tí ó yọrí jáde lára rẹ̀ ni àwọn tí ń tún un ṣe sì ń gùn. Ní 1515 ni wọ́n kọ́ ọ, wọ́n tún un kọ́ ní 1844. Kí ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì wa gbọ́ o.

Ọkùnrin Tuareg kan tí ó gbọ́ Hausa gbé wa lọ sí Dabous ní ẹsẹ̀ àwọn òkè Aïr. Lórí àpáta níbẹ̀ ni a rí agùnfọn méjì tí àwọn ará ìgbàanì gbẹ́, èyí tí ó tóbi jù lé ní mítà 5. Àwọn onímọ̀ sọ pé ọjọ́ orí wọn tó 6,000 ọdún, ó tilẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ará, agùnfọn kì í jẹ òkúta. Ewé ni í jẹ. Koríko ti hù ní ilẹ̀ yẹn rí, omi sì ti ṣàn níbẹ̀, kí òjò tó kẹ̀yìn sí i díẹ̀díẹ̀. A jókòó ti àpáta náà, ọ̀rọ̀ kò sì jáde lẹ́nu wa.

Ní ọjọ́ kejì ni wọ́n mú wa dé agbo ilé olódi gíga kan, níbi tí wọ́n ń fi àwọn arìnrìn-àjò pamọ́ sí. Láti 2015 ni òfin Niger ti ka gbígbé irú wọn sí ọ̀ràn, 2023 ni ìjọba sì tó fagi lé òfin náà. Nítorí ẹ̀rù ọlọ́pàá, àwọn awakọ̀ ń sá fún ọ̀nà tí kànga wà. Ṣáájú òfin náà pàápàá, ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, òkú ènìyàn 92 ni a rí nínú aṣálẹ̀ lápá àríwá Arlit: obìnrin 33, ọmọdé 52, ọkùnrin 7 péré. Ọkọ̀ wọn ni ó bàjẹ́, òùngbẹ ni ó sì pa wọ́n. Láti ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì ni a ti ń wàásù lórí Hágárì àti ìgò omi rẹ̀ tí ó gbẹ. Agadez ni ó ti yé wa.

Ọmọ wa wà nínú agbo ilé náà, ó ti rù. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ má sọ fún ìyá mi pé báyìí ni ẹ bá mi.” A ní kí ó bá wa pa dà. Ó kọ̀. Ó ní ìtìjú ń pa òun ju òùngbẹ lọ, nítorí ní ọjọ́ ìdágbére rẹ̀, gbogbo ìjọ jó yí òun ká, wọ́n dáwó, àwa fúnra wa sì gbé ọwọ́ lé òun lórí.

Òtítọ́ ni. A gbàdúrà, a kò béèrè ọ̀nà tí yóò gbà. Ẹ̀yin alùfáà ẹ̀ka, ẹ máa béèrè ọ̀nà kí ẹ tó gba ọrẹ ìdágbére. Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi bẹ̀ ẹ́ kí ó tó gbà.

Nígbà tí a pa dà dé Niamey, a mú un lọ wo igi Ténéré ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wọn. Irú igi ṣíttímù tí a fi kan àpótí ẹ̀rí ni. Òun nìkan ni ó dá dúró ní aṣálẹ̀ Ténéré, àwọn oníràkúnmí tí ń lọ ra iyọ̀ ní Bilma sì fi ń mọ ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ kànga lẹ́bàá rẹ̀ ní 1938 sí 1939, wọ́n rí i pé gbòǹgbò rẹ̀ lọ bá omi ní ohun tí ó lé ní 30 mítà nísàlẹ̀. Ní 1973, ọkọ̀ akẹ́rù kan kọlù ú, ó wó. Nínú gbogbo pápá tí ó tẹ́ rẹrẹ bẹ́ẹ̀, igi kan ṣoṣo náà ni awakọ̀ rí kọlù! Igi gbígbẹ náà wà nínú ọgbà níbẹ̀. Ọmọ wa wò ó títí, ó ní, “Bí idà Okomfo Anokye ní ọsibítù Bantama.” Ìgbà náà ni ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Ìyá rẹ̀ kò béèrè owó. Omi ni ó kọ́kọ́ bù fún un. Ọmọ náà jókòó lẹ́yìn gbọ̀ngàn yìí, ó ní kí a má dárúkọ òun. Aṣọ tí àwọn akọrin wọ̀ lónìí, òun ni ó rán an.