Ẹni Tó Ń Ṣe Oúnjẹ Wa

 

Ẹ̀yin ará Ìgbẹmọ-Èkìtì, orúkọ ìrẹsì wa ti rìn jìnnà kọjá Adó-Èkìtì. Láàárọ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká ro ti àwọn tó ń bọ̀ ọ́, tó ń sá a, tó ń dà á sẹ́nu ẹ̀rọ. Nídìí ẹ̀rọ, ariwo kì í jẹ́ ká gbọ́ra. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ á sún mọ́ ẹnìkejì, á pariwo sí i létí. Bí àìsàn tó ń ràn nípasẹ̀ èémí bá wọ̀lú, ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà tó ń gbà ràn nìyẹn.

Àpẹẹrẹ bí àrùn ṣe ń ràn níbi iṣẹ́ oúnjẹ rèé: ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, Ààrẹ Nana Akufo-Addo kéde pé òṣìṣẹ́ 533 ló kó àrùn Kòrónà nílé iṣẹ́ ẹja kan ní Tema, lórílẹ̀-èdè Gánà. Ó ní ọ̀dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti kó o.

Kí ló ń gbé aláìsàn wá síbi iṣẹ́? Àtijẹ ni. Ẹni tó ń gbowó òòjọ́ mọ̀ pé bí òun bá jókòó sílé, ìkòkò lè má gorí iná lálẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, bí òṣìṣẹ́ bá ní ara òun gbóná, ẹ jẹ́ kó lọ sinmi, kí ẹ má sì fi owó ọjọ́ náà dù ú. Ẹ gbé omi àti ọṣẹ sẹ́nu ọ̀nà, ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹni tó ń ṣe oúnjẹ wa, ẹ jẹ́ ká ṣọ́ ẹ̀mí rẹ̀.